Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Ti Dàgbà: Kí Ni Kí A Fi Sínú Rẹ̀?

Àwọn akọ̀wé láti Ìkẹjà, Ògbà àti Agége ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ wa: "Wọ́n ní Windows 10 ti parí. Ṣé kí a ra kọ̀ǹpútà mìíràn ni?"

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Kọ̀ǹpútà náà kò kú. Yóò ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí olè bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i. Nínú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Microsoft fi ọdún kan kún un, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀.

Púpọ̀ nínú èyí tí à ń lò jẹ́ tòkunbọ̀ tí a rà ní Computer Village. Kí ẹ tó gbé e padà lọ sí Ọ̀tígbà, ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ lọ sí About, kí ẹ wo Processor. Bí wọ́n bá kọ i5-6300U, 6 yẹn ni pé ìran kẹfà ni. I5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. Windows 11, tí ó jáde ní 2021, ń fẹ́ ìran kẹjọ sókè lára Intel, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ó tún ń fẹ́ RAM 4GB, àyè 64GB, àti TPM 2.0 tí ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Lójú tiwa, 4GB kò tó. 8GB ni ọkàn yóò fi balẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ kan yóò ní àwọn lè fi ipá gbé e wọ ìran kẹrin. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe yóò máa dé ibẹ̀.

Bí tiyín kò bá yege, Linux Mint wà, ọ̀fẹ́ ni. RAM 2GB lè gbé e, 4GB sàn jù. Ẹ lè gbé e sórí flash kí ẹ dán an wò láìfọwọ́ kan Windows. LibreOffice inú rẹ̀ ń ṣí ìwé Excel. Ẹgbẹ́ tí ètò ìṣirò rẹ̀ jẹ́ ti Windows nìkan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè. Ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò pẹ̀lú.

Nígbà mìíràn, háàdì tí ń yí ni ó ń fa ẹsẹ̀. Ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀, ẹ ó rò pé kọ̀ǹpútà mìíràn ni.

Akọ̀wé kan nítòsí Ọba Akran gbé tirẹ̀ fún oníṣẹ́ láìṣe ẹ̀dà. Oníṣẹ́ nu gbogbo háàdì. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta lọ. Páásìbúùkù ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni a fi tún un kọ, ẹni tí tirẹ̀ sì ti sọnù, a ṣì ń bá a jiyàn. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akápò, kí ẹ sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó fi tiyín sílẹ̀.