Èébu lára Kápẹ́ẹ̀tì: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ìdènà Rẹ̀

Ète wa níhìn-ín ni láti ṣàlàyé bí a ṣe lè dènà èébu nígbà tí omi bá jò láti inú ẹ̀rọ amúlétutù sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí a sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó bá pe èébu ní ìdọ̀tí, omi ni yóò fi fọ̀ ọ́. Omi náà gan-an ni èébu sì ń wá.

1. Èébu. A máa ń sọ pé búrẹ́dì bu. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí àti èébu bá ara wọn tan. Àmì ohùn ṣe pàtàkì: èébu ni, kì í ṣe èébú tí í ṣe ìwọ̀sí. Kì í sì í ṣe ìkàsì, nítorí pé oúnjẹ nìkan ni ìkàsì bá lọ. Èébu jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Ìbátan olú ni.

2. Kóró èébu. Ohun tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, tí èébu fi ń bí sí i. A kò yan irúgbìn, nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbìn ín. Kò sí ilé tí kò sí; nítorí náà, ọ̀rinrin ni a lè dènà, kì í ṣe kóró.

3. Ìrì-sísẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ni omi tí ń jò yìí ti wá. Bí afẹ́fẹ́ bá kan irin tútù inú ẹ̀rọ náà, ìrì a sẹ̀ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sẹ̀ sára ìgò ohun mímu tútù. Omi náà a kán sínú àwo kan, a sì gba inú ọ̀pá jáde síta. Bí ẹ̀gbin bá dí ọ̀pá náà, àwo a kún, omi a sì dà sílẹ̀. A kò pè é ní ìsẹ̀rì, nítorí pé olùwà ni ìrì nínú gbólóhùn ìrì sẹ̀, kì í ṣe àbọ̀.

Ìdènà. Wákàtí 24 sí 48 ni àyè tí a ní kí èébu tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Kí a kọ́kọ́ pa iná ẹ̀rọ náà. Kí a fi aṣọ gbígbẹ fa omi. Lẹ́yìn èyí, kí a ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, nítorí pé òkè rẹ̀ lè gbẹ nígbà tí fóòmù abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Kí a tan fáànù sí i. Ní àkókò ọyẹ́, ó dára kí a ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ ìta lè lọ́rinrin ju ti inú ilé lọ. Nígbà náà, kí a ti fèrèsé, kí a sì tan ẹ̀rọ amúlétutù tí a ti tún ṣe: ìrì-sísẹ̀ tí ó da omi sílẹ̀ ni yóò tún fa ọ̀rinrin kúrò nínú yàrá. Ó yẹ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ ìdá 60 nínú 100.

Bí èébu bá ti wọ inú fóòmù, kí a kó o dànù. Oògùn nìkan kò tó, nítorí pé èébu tí ó ti kú pàápàá lè mú ènìyàn sín, kí ó sì mú un wúkọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí yóò rí i fúnra rẹ̀ pé mímú kápẹ́ẹ̀tì gbẹ ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe fífọ̀ ọ́.