Bí Purotéènì Olùgbàṣẹ Ṣe Ń Ka DNA: Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́

1. Ìfáárà
Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ló ní àkójọ jíìnì kan náà, síbẹ̀ iṣẹ́ awọ ara kò jọ ti ẹ̀dọ̀. Ìdí ni pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kì í lo gbogbo jíìnì tó ní. Lára àwọn tó ń pinnu èyí tí yóò ṣiṣẹ́ ni àwọn purotéènì tí a lè pè ní olùgbàṣẹ inú kóró sẹ́ẹ̀lì. Méjìdínláàádọ́ta (48) ni wọ́n nínú ènìyàn.

2. Àpẹẹrẹ kan
Olùgbàṣẹ kọ́tísọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Kí họ́móònù yìí tó dé, òde kóró ni olùgbàṣẹ náà máa ń wà, tí àwọn purotéènì mìíràn dì í mú. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù bá so mọ́ ọn, ìrísí rẹ̀ yóò yí padà, yóò sì wọ inú kóró lọ bá DNA.

3. Bí ó ṣe ń kàwé
Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi kọ DNA: A, C, G àti T. Olùgbàṣẹ ní ìka méjì tí síńkì mú dúró. Ìka àkọ́kọ́ ló ń wọ inú kòtò ara DNA láti ka lẹ́tà. AGAACA ni olùgbàṣẹ kọ́tísọ́ọ̀lù ń wá. AGGTCA ni ti ẹ́sítírójìn. Lẹ́tà méjì péré ló yà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀. Méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ DNA, ọ̀kan kọjú sí èkejì. Lẹ́yìn náà, wọn a pe àwọn purotéènì mìíràn láti jí jíìnì tàbí láti pa á lẹ́nu mọ́.

4. Ohun tó kan àwùjọ
A ti rí oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù bíi clobetasol nínú àwọn ìpara kan tí wọ́n fi ń bóra ní Nàìjíríà. Olùgbàṣẹ kọ́tísọ́ọ̀lù yìí gan-an ni oògùn náà ń so mọ́. Ó ń dín iṣẹ́ jíìnì tó ń pèsè kọ́lájìn kù, bẹ́ẹ̀ kọ́lájìn ló ń mú awọ lágbára. Ìdí nìyí tí awọ abóra fi ń fẹ́lẹ́, tí egbò rẹ̀ kì í tètè jinná.

5. Àgbálọgbábọ̀
Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kàn kìlọ̀ fún lè ṣàìgbọ́. Èyí tí a fi èdè abínibí ṣàlàyé fún yóò mọ irú àṣẹ tí ìpara ń pa fún ara òun.

Iṣẹ́ ṣíṣe
(a) Ṣàlàyé ìdí tí orúkọ náà 'olùgbàṣẹ' fi bá iṣẹ́ purotéènì yìí mu.
(b) Wá ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì mìíràn tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀, kí o sì fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.