Àwòrán Mi Ti Sán: Ṣé Kí N Jù Ú Nù?

Ìbéèrè: Ìsọ̀ aláṣọ ni mo wà ní ọjà Tẹ̀júoṣó, Yábàá. Bí mo bá délé lálẹ́, ọ̀dà àkírílíìkì ni mo máa ń fi ya àwòrán. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, kí ènìyàn lè fọwọ́ pa á. Mo po POP (plaster of Paris) mọ́ ọ̀dà, mo lẹ̀ ẹ́ nípọn sórí kánfáàsì, mo tan fáànù sí i. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti sán káàkiri. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má jù ú nù. POP tó ti gbẹ kì í tẹ̀, kánfáàsì sì rèé, a máa mì, a máa dẹ̀. Bí a bá lẹ àwọn méjèèjì pọ̀, POP ló máa sán. Fáànù náà dá kún un: òkè ti gan kí omi ìsàlẹ̀ tó jáde tán.

Bí POP bá wù ọ́, orí plywood ni kí o ti lò ó. Fún kánfáàsì, po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà mọ́ ọ̀dà àti yanrìn tí o kù dáadáa. Bí yanrìn etí òkun bá ni, fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Lẹ̀ ẹ́ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mìlímítà 2 tàbí 3. Jẹ́ kó gbẹ dé inú kí o tó tún lé òmíràn lórí. Nígbà òjò, ṣe sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgékù léèsì tó ń bọ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ yín ńkọ́? Ọrọ̀ ńlá nìyẹn! Rẹ ẹ́ sínú gọ́ọ̀mù tí o fi omi là, tẹ́ ẹ sórí kánfáàsì, fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá gbẹ, kun àwọ̀ dúdú wọnú gbogbo kòtò rẹ̀, kí o sì fi aṣọ tútù nu orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà inú rẹ̀ kò tó nǹkan rọra ra àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kọjá lórí ibi tó ga nìkan. Iṣẹ́ léèsì yẹn yóò yọ sókè ketekete. Ṣùgbọ́n má bo gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Ojú ń fẹ́ ibi tó tẹ́jú tí yóò sinmi sí.

Kì í ṣe ìwọ nìkan ni iṣẹ́ bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Mushin tó wà nítòsí yín ni ilé iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya, oníṣẹ́ ọnà tó ń tẹ àwòrán, wà. Ní 1967, ásíìdì ba páànù sínkì tó fi ń tẹ àwòrán jẹ́. Gọ́ọ̀mù Araldite ló fi tún un ṣe, ibẹ̀ ló sì ti rí ọ̀nà iṣẹ́ tuntun tó pè ní plastograph.

Ní ti àwòrán tìrẹ tó sán, gbọn ohun tó ti ṣí kúrò. Fi gọ́ọ̀mù tó ṣàn kún ojú sísán náà, kí o sì lẹ ẹ̀yìn kánfáàsì mọ́ plywood kó má baà mì mọ́. Bí ojú sísán bá ṣì hàn, kun àwọ̀ aró sínú rẹ̀, kó di ara iṣẹ́.

Bí o bá sì ń kó àwọn àwòrán rẹ wọ dánfó, má kọjú wọn síra. Àkírílíìkì máa ń rọ̀ nínú ooru, wọn á sì lẹ̀ mọ́ra.