Ẹlẹ́wọ̀n Níwájú Adájọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n bá fi ìyà kún ìyà ẹlẹ́wọ̀n, ta ni yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ní Commerce, ní Bouaké, tí mo ti ń kọ̀wé yìí, òfin Faransé ni ìpìlẹ̀ òfin. Nítorí náà, Faransé ni mo ti mú àpẹẹrẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn adájọ́ ibẹ̀ a máa wí pé ọ̀ràn abẹ́lé ni. Ní 1987, ní ọgbà Fleury-Mérogis, wọ́n dá ọjọ́ 8 nínú yàrá ìjìyà fún Marie, tí yóò jẹ bí ó bá tún ṣẹ̀, nítorí ìwé tí ó fi ṣàròyé ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, 1995, ilé-ẹjọ́ Conseil d'État gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó sì fagi lé ìyà náà. Ẹ̀wọ̀n gba òmìnira; kò gba ẹ̀tọ́ àtiṣàròyé.