Orin Tí Ó Yẹ Ìrántí Àwọn Tí Ó Kú Sí Ogun

Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó kú sí ojú ìjà. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni tẹ́lẹ̀ rí, nítorí pé ọjọ́ náà ni ìjà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dáwọ́ dúró ní 1918. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, 1970, ìjọba yí i padà.

Olùkọ́ tí ó bá ń ṣètò irú ìrántí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé níláti fi ara balẹ̀ yan orin. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni ó bá ara wọn jà láti 1967 sí 1970. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, bàbá àgbà ọmọ kan lè ti jà fún Ìjọba Àpapọ̀, kí ti èkejì sì ti jà fún Biafra. Bí a bá ní kí àwọn méjèèjì kọ orin ìṣẹ́gun, ẹ̀gàn ni a fi kan ọ̀kan nínú wọn. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọjọ́ yìí, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ohùn fèrè tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Last Post. Kì í ṣe ti òkú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń fun ún ní bárékè, láti fi hàn pé a ti yẹ gbogbo ibùdó ìṣọ́ wò, pé iṣẹ́ ọjọ́ ti parí, kí olúkúlùkù lọ sinmi. Ìdí nìyí tí ó fi bá ibojì ológun mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́; lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ni Reveille, èyí tí a fi ń jí ológun láàárọ̀. Kò dára láti yọ ọ́ kúrò, nítorí òun ni ó ń mú ìrètí òwúrọ̀ wá. Ètè àti èémí nìkan ni a fi ń darí ohùn fèrè yìí, nítorí náà ọmọ tí yóò fun ún gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú.

Bí ilé-ìwé kò bá ní fèrè, kí wọ́n bẹ àyàn kan. Ìyá-ìlù dùndún lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ ki oríkì ìdílé àwọn ọmọ ìlú tí ó lọ sí Burma nínú Ogun Àgbáyé Kejì tí wọn kò bọ̀. Kí àyàn náà nìkan lù ú o. Bí omele bá ti dá sí i, ijó ni yóò dà.

Orin ìsìn “Wà bá mi gbé,” tí Henry Francis Lyte kọ ní 1847 nígbà tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́lé, kò dárúkọ ogun rárá, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n orin Kristẹni ni. Níbi tí ọmọ Mùsùlùmí bá wà, kí a má fi ipá mú un kọ ọ́. Orin orílẹ̀-èdè ni gbogbo wọn yóò jọ kọ kẹ́yìn.