Ẹgbẹ́ Kíríkẹ́ẹ̀tì Ilẹ̀ Kẹ́ńyà: Ìdìde, Ìṣubú àti Ìrètí

Iṣẹ́ ńlá ni láti gun òkè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni láti dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ó gbọ́ ìtàn ẹgbẹ́ tí ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ilẹ̀ Kẹ́ńyà.

Nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ méjì ní í dojú kọ ara wọn, ènìyàn mọ́kànlá ní apá kìíní, mọ́kànlá ní apá kejì. Ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù líle sí igi mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ tí ó di pátákó mú a sì máa gbá bọ́ọ̀lù náà kúrò lọ́nà. Bí bọ́ọ̀lù ti ń yí lọ ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ń sáré pààrọ̀ ipò, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì pààrọ̀ ipò, ẹgbẹ́ wọn gba àmì kan. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi náà, a ti yọ ẹni tí ń gbá a nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé eré yìí dé ìlà-oòrùn Áfíríkà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Íńdíà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì wá ṣòwò níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe ìdíje Ife Àgbáyé àwọn ọkùnrin ní ọdún 1975, Kẹ́ńyà kò dá lọ. Òun, Ùgáńdà, Tàǹsáníà àti Sáḿbíà ni ó para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni a sì borí wọn. Ní ọdún 1981 ni Kẹ́ńyà wọ àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé ní orúkọ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1996, Kẹ́ńyà pàdé ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù West Indies ní ìlú Pune ní ilẹ̀ Íńdíà. West Indies yìí ni ó gba Ife Àgbáyé ní ọdún 1975 àti 1979. Àmì 166 péré ni Kẹ́ńyà rí kó jọ, ó sì dàbí ẹni pé eré ti parí. Ṣùgbọ́n Maurice Odumbe, balógun ẹgbẹ́, yọ ènìyàn mẹ́ta. Rajab Ali náà yọ mẹ́ta. Brian Lara, tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ayé, kò rí ju àmì 8 lọ. Ní àmì 93 ni gbogbo West Indies wó lulẹ̀.

Ní ọdún 2003, Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Kẹ́ńyà jọ gba ìdíje náà lálejò. Steve Tikolo ni balógun Kẹ́ńyà nígbà náà. Ní Nairobi, Collins Obuya yọ márùn-ún nínú àwọn ará Sri Lanka, Kẹ́ńyà sì fi àmì 53 borí. Wọ́n borí Kánádà, Bangladesh àti Zimbabwe pẹ̀lú. Kò yẹ kí a fi òtítọ́ pamọ́: New Zealand kọ̀ láti wá sí Nairobi nítorí ìbẹ̀rù ewu, a sì fún Kẹ́ńyà ní èrè eré tí a kò gbá. Síbẹ̀, èrè yẹn nìkan kò lè gbé wọn débi tí wọ́n dé. Wọ́n di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù, kí Íńdíà tó fi àmì 91 dá wọn dúró ní Durban.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Èkíní, ilé dàrú. Àwọn eléré àti àwọn alákòóso ń jà nítorí owó, títí a fi tú àjọ tí ń ṣàkóso eré náà ká ní ọdún 2005. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èkejì, ní ọdún 2004 a lé Odumbe kúrò nínú eré fún ọdún márùn-ún nítorí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ń fi eré ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀kẹta, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ pe Kẹ́ńyà wá figagbága mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: a kò tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà tó. Inú ilé díẹ̀ ní Nairobi ni ọ̀pọ̀ eléré ti ń jáde, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé àbúrò, àbúrò tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n. Tikolo tí ó gbá Ife Àgbáyé ní ọdún 1996 náà ni ó ṣì ń gbá a ní ọdún 2011, nígbà tí ó di ẹni ọdún 39. Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń gbó, ọmọ rẹ̀ kò tíì tó rọ́pò.

Ní ọdún 2011, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Kẹ́ńyà jáde nínú Ife Àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a borí wọn. Ní ọdún 2014 wọ́n pàdánù ipò wọn láàárín àwọn tí ń gbá eré ọlọ́jọ́ kan ti àgbáyé. Ní ọdún 2017, Ireland àti Afghanistan ni a fún ní ẹ̀tọ́ eré ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí í ṣe ti àwọn orílẹ̀-èdè àgbà nínú eré náà. Nígbà tí a ó sì ṣètò Ife Àgbáyé ti ọdún 2027, Gúúsù Áfíríkà àti Zimbabwe tún wà nínú àwọn onílé, ṣùgbọ́n Namibia ni a yàn ṣe ẹ̀kẹta wọn.

Ǹjẹ́ ìrètí ti pin bí? Rárá. Ẹgbẹ́ 20 ni ó ń lọ sí Ife Àgbáyé ti eré kúkúrú báyìí, àyè sì ti gbòòrò ju ti àtijọ́ lọ. Ùgáńdà, aládùúgbò Kẹ́ńyà, dé ibẹ̀ ní ọdún 2024, ó sì borí Papua New Guinea. Ní ọdún 2025, Kẹ́ńyà bá Nàìjíríà àti àwọn mìíràn du àyè Áfíríkà ní Harare, wọ́n sì sún mọ́ ọn kí Zimbabwe tó dá wọn padà. Bí a bá gbé eré náà dé ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ náà, tí àwọn alákòóso sì fi òtítọ́ ṣọ́ owó, ìran tuntun lè dìde. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kẹ́ńyà ti di àgbà nínú eré yìí; ẹ̀yìn ni kí ó wò, kí ó tó tún gbéra.

Ìdánwò
1. Kí ni ó mú kí ìṣẹ́gun ti ọdún 1996 ya ènìyàn lẹ́nu?
2. Èwo nínú àwọn ohun mẹ́rin tí ó fa ìṣubú Kẹ́ńyà ni àwọn eléré fúnra wọn lè tún ṣe?
3. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.”