Katakata tó ń sùn lẹ́yìn àkókò ìtúlẹ̀: Bí ẹ ṣe lè ṣe gírédà àfọwọ́ṣe tí yóò máa pawó

Nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù kẹwàá, tí ẹ bá gba ọ̀nà Ìtóìkín láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí tirakítọ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní katakata, tí wọ́n gbé sábẹ́ igi, tí koríko ti ń hù mọ́ táyà rẹ̀. Ẹni tó ni ín ti fi túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, ó ti gba owó rẹ̀, owó ọ̀hún sì ti ń tán lọ. Bó bá jẹ́ pé owó tó yá ló fi rà á, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èlé kì í dúró de òjò.

Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà tó wọ oko adìyẹ tàbí oko ẹja kan wà nítòsí ibẹ̀ tí àgbàrá ti gbẹ́ di kòtò. Ọkọ̀ tó fẹ́ wá kó ẹyin ò lè wọlé, báárò ni wọ́n fi ń ti kíréètì jáde sójú títì, ẹyin ń fọ́, oníbàárà sì ń lọ ra ti ẹlòmíràn. Ohun tí ẹni méjèèjì yìí nílò kò ju irin kan lọ, irin tí jórinjórin àdúgbò lè ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Òun la fẹ́ kọ́ ara wa lónìí.

Gírédà gidi, onítáyà mẹ́fà, tí ìjọba àtàwọn kọ́ńtírákítọ̀ ń lò, kì í ṣe ohun tí oníṣòwò kékeré ń rà. Háyà rẹ̀ pàápàá ò rọrùn, nítorí owó tí wọ́n máa fi gbé e wá lórí tírélà lè ju owó iṣẹ́ lọ bí ọ̀nà náà ò bá gùn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, àwọn irin ẹ̀yìn katakata tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun náà ti di ọ̀wọ́n. Ẹni tó ní katakata níwájú ilé, tí Òwòdé Onírin sì wà ní ọ̀nà Ìkòròdú, kò yẹ kó máa wo òkè òkun.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1890, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ D. Ward King, nítòsí ìlú Maitland ní ìpínlẹ̀ Missouri nílẹ̀ Amẹ́ríkà, la ìtì igi kan sí méjì, ó fi igi kéékèèké so méjèèjì pọ̀ bí àkàbà, ó sì ní kí ẹṣin máa wọ́ ọ lórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó gba iwájú oko rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn òjò ló máa ń ṣe é. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà náà le, omi ò sì dúró lórí rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti tẹ ìwé pélébé jáde lórí rẹ̀ fún gbogbo àgbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé igi méjì ni King lò. Ti iwájú ń gé ibi tó ga, ti ẹ̀yìn ń kó erùpẹ̀ tó gé náà lọ sínú ibi tó kò. Ẹni tó bá so abẹ kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀yìn katakata máa rí i pé bí táyà bá gun òkè, abẹ á gòkè, bí táyà bá wọ kòtò, abẹ á wọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀nà á wá burú ju bó ṣe wà lọ.

Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ èyí ni gígùn. Ẹ wo ìfági káfíńtà: èyí tó gùn ló ń mú kí pátákó gún régé, nítorí kì í tẹ̀ lé gbogbo kòtò tó wà lójú igi. Bákan náà ni irin wa. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tó ń wọ́ nílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7. Channel oníínṣì 6 tàbí H-beam tó ti lò rí dára fún un. Ẹ ní kí jórinjórin tẹ iwájú ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀ bí imú ọkọ̀ ojú omi, kó má baà máa gún ilẹ̀.

Kí ẹ tó ra irin kankan, ẹ gbé tẹ́ẹ̀pù, kí ẹ wọn ẹ̀yìn katakata yín láti etí òde táyà ọ̀tún dé etí òde táyà òsì. Ẹ fi ínṣì 3 tàbí 4 kún un lọ́tùn-ún lósì. Bí irin náà ṣe máa fẹ̀ tó nìyẹn, kó lè pa ipa táyà rẹ́ bó ṣe ń lọ. Àwọn kan máa ń fẹ́ kó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣẹ́ lè yá, ṣùgbọ́n katakata kékeré ò ní lè fà á nígbà tí erùpẹ̀ bá kún iwájú rẹ̀.

Abẹ méjèèjì dúró ní ìdábùú láàárín ẹsẹ̀ méjì yìí, wọ́n jìnnà síra ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2. Ìsàlẹ̀ abẹ gbọ́dọ̀ yọ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ínṣì péré. Ẹni tó bá yọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ gbẹ́ kànga ni. Irin tí wọ́n fi ń ṣe abẹ ló ṣe pàtàkì jù: irin lásán á jẹ tán kíákíá lórí ilẹ̀ pupa Ìkòròdú. Ojú abẹ gírédà ńlá tí wọ́n ti yọ sílẹ̀ ló dára jù, bí ẹ bá rí i nídìí àwọn oníṣòwò irin àlòkù. Bí ẹ ò bá rí i, sípíríǹgì ẹ̀yìn tírélà, èyí tó gùn jù nínú wọn, ṣeé lò bí wọ́n bá tún un tò.

Níbí yìí ni mo ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ìmọ̀ ìròyìn lèmi kà nílé ìwé, lójú mi, irin ni irin. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo dúró sí ní Ìkòròdú jó sípíríǹgì mọ́ H-beam tààrà, ó dán, ó wuni. Katakata ò tíì lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí abẹ náà fi já bọ́. Ojú jíjó kò yà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló là, ibi tó ti là sì funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iyọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé irin sípíríǹgì le gan-an, kábọ́nù inú rẹ̀ pọ̀. Tí wọ́n bá jó o nígbà tó tutù, ibi tó gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó á yára tutù padà, á di ohun tó ń ṣẹ́ bíi gíláàsì. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ má jó o rárá. Ẹ jó áńgù tó nípọn mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìdábùú, kí ẹ wá fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de abẹ mọ́ áńgù náà. Lílu ihò sára sípíríǹgì ò rọrùn, ẹ bá ẹni tó ní dírílì ńlá sọ̀rọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí abẹ bá jẹ, sípánà lẹ máa gbé, ẹ ò ní wá jórinjórin kiri mọ́.

Ó ku bó ṣe máa so mọ́ katakata. Apá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata òde òní, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, iṣẹ́ Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni, ọdún 1926 ló sì gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ti di ọ̀kan náà kárí ayé. Fún katakata kékeré, píìnì ìsàlẹ̀ jẹ́ ínṣì 7/8, ti òkè jẹ́ ínṣì 3/4. Fún ńlá, irú bíi Massey Ferguson 375, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ínṣì 1 àti 1/8, ti òkè jẹ́ ínṣì 1. Síbẹ̀, ẹ wọn ti yín, nítorí katakata tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta, ẹnì kan lè ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ má ṣe lo ọ̀pá irin ilé fún píìnì.

Bí háídírọ́líìkì katakata náà ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ lè fi ṣéènì wọ́ ọ bí King ṣe ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń so tírélà mọ́ ni kí ẹ so ṣéènì sí. Ẹni tó bá so ó mọ́ òkè, bí irin bá há mọ́ gbòǹgbò, iwájú katakata á gbéra nílẹ̀, á sì dojú dé lu awakọ̀. Ohun tó ń pa awakọ̀ nìyẹn, kì í sì í gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Nǹkan kan tún wà tí mo kórìíra láti máa rí. Bí irin bá fúyẹ́, àwọn kan á gbé ọmọ ṣọ́ọ̀bù jókòó lé e lórí kó lè wúwo. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò jìnnà sí abẹ rárá. Àpò yanrìn ò wọ́n, búlọ́ọ̀kù ò wọ́n, ẹ kó wọn sórí rẹ̀, kí ẹ fi wáyà dè wọ́n. Bákan náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ irin tí háídírọ́líìkì gbé sókè láti lọ de bóòtù. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti lílò rẹ̀, ìgbà ṣe pàtàkì ju agbára lọ. Ẹ bu erùpẹ̀ ọ̀nà náà sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Tó bá dì pọ̀ láìlẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tó àkókò. Tó bá ń lẹ̀, ẹ lọ sinmi. Tó bá ń fọ́ bíi gaàrí, eruku lẹ máa kó. Ìdí nìyí tí oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá fi dára, àti ìgbà tí òjò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Oko ẹja tó ń pààrọ̀ omi adágún rẹ̀ ò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Lápá Ẹ̀pẹ́ níbi tí yanrìn ti pọ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ gbọ́dọ̀ kó ilẹ̀ pupa wá pò mọ́ ọn, yanrìn nìkan ò lè dì.

Ẹ má sáré. Ìrìn ẹni tó ń yára lọ sọ́jà ti tó. Bí katakata bá sáré, abẹ á máa ta, ọ̀nà á sì rí bíi páànù tí wọ́n fi ń bolé. Ẹ má kàn kó erùpẹ̀ dí kòtò, táyà ọkọ̀ àkọ́kọ́ á tú u síta. Ẹ gé gbogbo ojú ọ̀nà náà títí dé ìsàlẹ̀ kòtò kí ẹ tó tún un tẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa darí erùpẹ̀ láti etí wá sáàárín, kí àárín fi ìdajì ínṣì ga fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, àárín rẹ̀ á ga ju etí lọ pẹ̀lú ínṣì 3. Omi á wá mọ ibi tó ń lọ. Ẹ sì gbẹ́ gọ́tà fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òjò kan á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní irin, bóòtù àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦900,000. Ká ní ẹ ń gba ₦90,000 lóòjọ́: epo dísẹ́ẹ̀lì ₦35,000, awakọ̀ ₦15,000, ẹ yọ ₦10,000 sọ́tọ̀ fún táyà àti àtúnṣe. ₦30,000 ló kù. Ọjọ́ iṣẹ́ 30 ni irin náà máa fi dá owó ara rẹ̀ padà, ìyẹn ọjọ́ 5 lóṣù láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta. Ẹni tí kò bá yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀ máa rò pé òun ń jèrè títí ọjọ́ tí táyà máa bẹ́.

Iṣẹ́ náà wà. Àwọn oko adìyẹ Erikorodo, ibùdó àgbẹ̀ Àrágà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, àwọn tó ń ta ilẹ̀ káàkiri Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ oníbàárà lè wọlé, àtàwọn àgbẹ̀ ìrẹsì tó fẹ́ máa tajà fún ilé ìlọ̀rẹsì Ìmọ̀tà tí wọ́n ṣí lóṣù kìíní ọdún 2023, gbogbo wọn ló ní ilẹ̀ tó yẹ kó tẹ́jú. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà: irin yìí ò lè hú kùkùté, kò sì lè la ọ̀nà tuntun nínú igbó. Tó bá jẹ́ ọ̀nà àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ lọ rí àwọn alága CDA ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí páìpù omi gbà kọjá.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi ẹ́ńjìn ọ́ìlì tó ti dúdú pa abẹ méjèèjì, kí ẹ gbé irin náà lé pátákó kó má baà fara kan ilẹ̀. Bí etí abẹ kan bá ti jẹ, ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí etí kejì bọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ tún dè é padà. Ìyẹn ló fà á tó fi yẹ kí ẹ lu ihò rẹ̀ sí àárín gbùngbùn láti ìbẹ̀rẹ̀.